Hánánẹ́lì àti Ọjọ́ Tí Ọmọ Dáfídì Máa Dé

Níbi àsè ìkórè àjàrà ọdún tó kọjá, Hánánẹ́lì tó ń ṣe wáìnì ní abúlé Ṣikínì, ní Gálílì, gun etí ìfúntí rẹ̀, ife lọ́wọ́. Inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ẹ gbọ́ o!" ó pariwo. "Ọjọ́ tí Mèsáyà, ọmọ Dáfídì, bá dé, Násírì ni mí lọ́jọ́ náà!"

Násírì, ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Ọlọ́run, kì í fẹnu kan wáìnì, abẹ kì í sì í kan orí rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó mu ife kan sí i, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ sùn.

Ilẹ̀ mọ́, Rábì Dósà, olùkọ́ Òfin abúlé náà, kan ilẹ̀kùn.

"Hánánẹ́lì, ọjọ́ wo ni ọmọ Dáfídì máa dé?"

"Rábì, ta ló mọ̀?"

"Ohun témi náà ń wí nìyẹn. Ó lè jẹ́ òní. Torí náà, o ò gbọdọ̀ mu wáìnì lónìí."

"Tó bá wá di ọ̀la ńkọ́?"

"Ó lè jẹ́ ọ̀la."

Hánánẹ́lì wá ibì kan jókòó sí. Àánú rẹ̀ ṣe Rábì. Ó ní ọjọ́ kan ló yọ sílẹ̀, ọjọ́ Ìsinmi, ìyẹn ọjọ́ Àbámẹ́ta. Èlíjà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé láti kéde Mèsáyà lọ́jọ́ tó ṣáájú, Èlíjà ò sì ní já wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí àwọn ìyàwó ilé ń sáré se oúnjẹ Ìsinmi. Nítorí náà Mèsáyà ò ní dé lọ́jọ́ Ìsinmi. Kí Hánánẹ́lì máa mu tirẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Irun mi ńkọ́?"

"Ní ọjọ́ iṣẹ́, ẹ̀jẹ́ rẹ ò jẹ́ kó o gé e. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Òfin ò jẹ́ kó o gé e."

Bó ṣe di pé imú ló fi ń tọ́ wáìnì wò láàárín ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Irun rẹ̀ di igbó. Àwọn ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e.

Kò sí wàhálà, àfi ìgbà tí Ṣapira ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ sílé ọkọ. Ọjọ́rú ni wọ́n ń gbé wúńdíá níyàwó. Yákímù, bàbá ọkọ, kì í sì í ṣe ẹni tó le, àfi lórí ohun kan.

"Àna tí kò bá mu ife mi, ọmọ mi ni kò gbà," ó ní. "Mo máa mú un padà sílé, pẹ̀lú àwọn olórin."

Ṣapira kúnlẹ̀ ti bàbá rẹ̀. "Bàbá mi, ẹ ní kí Rábì tú ẹ̀jẹ́ yẹn."

"Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde nínú sínágọ́gù, kí n sọ pé mo kábàámọ̀ ohun tí mo sọ nípa ọmọ Dáfídì."

"Ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́."

"Wọ́n á sọ mí lókùúta, wọn ò sì ní sọ ọ́ jẹ́jẹ́."

Ọjọ́rú pé. Àgbàlá kún. Yákímù gbé ife kalẹ̀ níwájú àna rẹ̀, ó káwọ́ lẹ́rán, ó ń wò ó. Ṣapira gbé ìbòjú rẹ̀ díẹ̀, ó ń wo bàbá rẹ̀. Àsìkò náà ni arìnrìn-àjò kan wọlé, eruku dé orúnkún rẹ̀. Mẹ́náhẹ́mù lorúkọ rẹ̀, Jerúsálẹ́mù ló ti ń bọ̀. Kò tíì fọwọ́ tó fi kígbe.

"Ẹ̀yin ará, ẹ yọ̀! Mèsáyà ti dé!"

Hánánẹ́lì dìde. "Ó ti ṣe kí ni?"

"Ó ti dé, bàbá. Ó wá sáàárín wa, ó sì ti gòkè lọ sọ́run."

"Ọjọ́ tó dé yẹn, ó ti kọjá?"

"Ó ti pẹ́ tó ti kọjá."

"Dúró ná," Rábì Dósà ní. "Èlíjà dà? Òun ló ń ṣáájú."

"Rábì, Èlíjà náà ti wá. Àwọn èèyàn ni ò dá a mọ̀."

"Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀."

"Rábì, ṣé ẹ̀yin lẹ jẹ́ ẹ̀jẹ́ ni?" Hánánẹ́lì ti di ife mú. "Èmi tí mo jẹ́ ẹ, mo gbà! Ti Mèsáyà, mo gbà! Ti Èlíjà, mo gbà!"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀..."

"Jẹun ná, ọmọ mi."

Ó da ife Yákímù sọ́nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ariwo ta. Yákímù gbé àna rẹ̀ sókè, ó ń yí i kiri. Ṣapira ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Wọ́n sáré pe Gúríónì onígbàjámọ̀, ó sì gbé abẹ lé apá òsì orí Hánánẹ́lì, irun ń já bọ́ bíi koríko.

"Mo ti rí etí kan!" Gúríónì kígbe. "Ẹ fún mi láyè, mò ń wá ìkejì!"

Mẹ́náhẹ́mù tún lanu. Ẹnì kan fi àkàrà dí i. Ó tún lanu, wọ́n fà á wọnú ijó. Nígbà tó ṣe, Hánánẹ́lì, pẹ̀lú ìlàjì irun àti ife kẹta, fi ọwọ́ pè é.

"Ọmọ mi, jókòó tì mí. Wọn ò jẹ́ kó o sọ̀rọ̀. Sọ ìyókù ìròyìn ayọ̀ rẹ fún mi."

"Ìyókù ló dùn jù, bàbá," Mẹ́náhẹ́mù dá a lóhùn, ó nu ẹnu rẹ̀, "ó tún ń padà bọ̀, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa jẹ́, bí Èlíjà sì ṣe ti wá tó ti lọ yìí, kò sí ẹni tí a ń dúró dè ṣáájú rẹ̀ mọ́, ó lè jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi pàápàá."