Bọ́ọ̀sì Aago Mẹ́fà ní Roccalena

Àwọn ọmọ bíbí Roccalena, ìlú àtijọ́ kan létí òkun Ítálì, kò pé ogún mọ́. Òfin wọn ni pé àlejò tí bọ́ọ̀sì aago mẹ́fà bá fi sílẹ̀ ti di ará ìlú títí ayé.

Ó ku ìṣẹ́jú kan. Fadérera, àlejò tó bá bàbá rẹ̀ wá wo ìlú náà, fi ẹsẹ̀ há ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì tí kò ní awakọ̀. Bàbá rẹ̀ ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn òkúta.

“Bàbá, ẹ yára, ẹ jọ̀ọ́!”

“Orúnkún ń dùn mí. Máa lọ, ọmọ mi.”

“N ò lọ!”

Ilẹ̀kùn ń fún Fadérera lẹ́sẹ̀, ó ń ké, ṣùgbọ́n kò yọ ẹsẹ̀ náà títí ó fi fa bàbá rẹ̀ wọlé.

Bọ́ọ̀sì gbéra. Bàbá la àtẹ́lẹwọ́. Kọ́kọ́rọ́ ilé kan wà níbẹ̀, wọ́n ti kọ orúkọ bàbá sí i lára.

“Obìnrin kan ló fún mi lórí àtẹ̀gùn,” ó ní. “Ó ní kí n má kánjú.”