Ojú Tó Mọ Òbu

Ìyá Ẹlẹ́yin kì í jẹ àlùbọ́sà mọ́. Láti ọjọ́ tí ẹnì kan ti fún un lọ́rùn lẹ́yìn ilé iṣẹ́ wọn, ẹnu rẹ̀ ló ń fọ̀ ṣáá. Ó fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí ètè rẹ̀ fi bó. Bó bá ti jókòó jẹ́ẹ́, òórùn àlùbọ́sà yẹn á tún padà wá, á sáré lọ sẹ́yìnkùlé lọ bì.

"Màámi, ẹ máa fi ọṣẹ bó ẹnu yín tán," ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ tí ọlọ́pàá ránṣẹ́ pè wọ́n.

"Ìwọ kọ́ ni ẹni yẹn gbé ẹnu lé lẹ́nu," ìyá rẹ̀ dá a lóhùn.

Ẹyin yíyẹ̀wò ni iṣẹ́ rẹ̀. Nínú yàrá tí wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀, á gbé ẹyin síwájú iná, á yí i, ó ti mọ̀ ọ́n: èyí dáa, èyí lẹ́jẹ̀ nínú, òbu rèé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa yí tiwọn léraléra. Òun kì í wo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. "Ojú lọ̀rọ̀ wà," lá máa wí, á sì ju òbu sínú garawa. Bó ṣe ń wo ẹyin náà ló ń wo èèyàn. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ wá tọrọ ọmọ rẹ̀, ó wò ó lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òbu ni, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Bàtà ilé ló wọ̀ dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹsẹ̀ kan bàtà tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ ti bọ́ sọnù lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò rí i. Lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bá ọ̀rá dúdú kan tí wọ́n so lẹ́nu. Ọmọ rẹ̀ gbé e sílẹ̀ kí ìyá rẹ̀ lè ríbi jókòó.

"Ẹ̀yìn ló ti wá bá yín àbí iwájú?" ọ̀gá ọlọ́pàá bi í.

"Ẹ̀yìn lapá ti wá. Ó fún mi títí ojú mi fi ṣú. Ìgbà tí mo lajú, ó wà lórí mi, ó gbé ẹnu lé mi lẹ́nu." Ó fi etí aṣọ nu ètè rẹ̀. "Mo rí ojú ẹ̀ bí mo ṣe ń rí yín yìí. Ojú mi bá tún ṣú, ó di ilé ìwòsàn."

"Ta ló gbé yín débẹ̀?"

"Wọ́n ní ẹnì kan já mi sílẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ."

Ọ̀gá náà mi orí. "Ẹni tá a mú wà láàárín àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ wò yìí. A kàn kó àwọn yòókù kún un ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ rí ojú ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá mú un, ó dẹjọ́. Bẹ́ ẹ bá mú ẹlòmíì, àwa ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́, á máa lọ sílé lónìí."

"Ilé wa ló máa wá," ni ọmọ rẹ̀ sọ. "Káàdì Màámi wà nínú báàgì wọn tó jí gbé lọ, àdírẹ́sì wa wà lára ẹ̀. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra wò wọ́n."

"Ojú mi kì í tàn mí."

Àwọn ọkùnrin náà fẹ̀yìn ti ògiri, oníkálukú gbé nọ́ńbà sáyà. Ó kọjá lára ẹni àkọ́kọ́. Nọ́ńbà méjì jẹ́ arẹwà, ó gẹ irun rẹ̀ dáadáa, ó sì wolẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Irú ẹni tí èèyàn ń fọmọ fún nìyí, Ìyá Ẹlẹ́yin rò ó lọ́kàn, ó káàánú rẹ̀ pé wọ́n kó o mọ́ irú àwọn báyìí. Ó kọjá lára ẹnì kẹta.

Ó dé ọ̀dọ̀ nọ́ńbà mẹ́rin, ó dúró. Ètè yẹn nìyẹn, ó ki, ó sán. Eyín tó pọ́n nìyẹn. Èèpo àlùbọ́sà lẹ̀ mọ́ apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, òórùn náà sì gba imú rẹ̀ kan. Ó tu itọ́ sí ọkùnrin náà lójú.

"Òun nìyí. Ẹran ni ọ́. Ẹlẹ́gbin."

Ọkùnrin náà kò bú u. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ẹ kú ewu, mà," ló sọ.

"Ẹ gbọ́ o, ó tún ń fi mí ṣẹ̀sín," Ìyá Ẹlẹ́yin wí.

Ọ̀gá ọlọ́pàá wo sájẹ́ǹtì rẹ̀ tó kó àwọn ọkùnrin náà jọ, sájẹ́ǹtì wolẹ̀. Ọ̀gá náà mí kanlẹ̀. "Ó dá yín lójú, mà?"

"Bí ẹyin bá bàjẹ́, mo máa mọ̀ ọ́n."

Ọ̀gá náà ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún nọ́ńbà méjì. Ìyá Ẹlẹ́yin ní ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe láti àárọ̀ nìyẹn. Arẹwà náà tẹrí ba fún un bó ṣe ń kọjá.

"Ẹ ṣé gan-an ni, mà," ló wí, ó sì jáde.

Nọ́ńbà mẹ́rin lọ síbi bẹ́ǹṣì, ó tú ẹnu ọ̀rá dúdú, ó yọ ẹsẹ̀ kan bàtà obìnrin jáde, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́, ó sì gbé e kalẹ̀ síwájú Ìyá Ẹlẹ́yin.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú, èèyàn wa ò pé ni mo ṣe ní kó bá wa dúró," ni sájẹ́ǹtì sọ, "bàtà yìí ló wá dá padà, òun ló bá wọn nílẹ̀ lọ́jọ́ náà tí wọn ò mí mọ́, tó ń fẹ́ èémí sí wọn lẹ́nu títí tó fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn."