Irùngbọ̀n Tí Mò Ń Fowó Mi Lé

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, inú ń bí mi.

Èmi ọmọbìnrin, irùngbọ̀n ló kún àgbọ̀n mi.

Sátidé yìí làwọn ẹbí ọkọ mi ń bọ̀ láti Ajue wá tọrọ mi.

Ọ̀rẹ́ mi Lydia, tó ń ta kírímù ní Orè, ló ta ọ̀kan fún mi, ó ní irun ò ní hù mọ́ láéláé tí mo bá ń pa á.

Oṣù kẹrin rèé, ṣe ló ń pọ̀ sí i.

Mo bá lọ bá nọ́ọ̀sì kan.

"Kí lo tún ń pa sójú?"

Mo fi kírímù tí mo fi ń bóra hàn án.

"Òun ló ń mú irun hù. Ta ló tà á fún ẹ?"

Lydia náà ni.

Mo pè é, mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì wí fún un.

"Mo mọ̀ jàre. Ṣé ìwọ nìkan ni? Gbogbo kọ́sítọ́mà mi ló nírùngbọ̀n."

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa ṣe fún un?