Ẹni Tó Ń Ha Òkúta Lẹ́nu Ihò Èéfín

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí èmi àti Akínlàbí, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, gun òkè ayọnáyèéfín kan nílẹ̀ àjèjì dé ẹnu ihò tí èéfín olóró ń gbà jáde. Òkúta funfun kan máa ń hù yí ihò náà ká bí iyọ̀. Flúóráìdì inú ọṣẹ ìfọyín wà nínú rẹ̀, òkúta náà sì ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Òun ni Fọlárìn ọkọ mi ń ha lọ́dún tó kọjá tí èéfín fi pa á. Látọjọ́ náà, ẹkún ò wá, oúnjẹ ò sì ládùn lẹ́nu mi. Mo kàn wá parí iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Mo gbọ́ ìró ọ̀bẹ lára òkúta. Ẹnìkan lóṣòó sẹ́nu ihò náà, kò wọ ìbòmú èéfín bíi tiwa. Wọ́n kọ́ wa nílé pé a kì í kọjá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i. Kí n tó ronú, mo ti ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Akínlàbí gbá mi lọ́wọ́ mú. "Ẹ má kí i mọ́, Àǹtí! Ta ló gbọ́ Yorùbá nílẹ̀ yìí?"

Ìró ọ̀bẹ dákẹ́.

"Òo, Àwẹ̀ró," ẹni náà fi oríkì tí Fọlárìn nìkan fi ń pè mí dáhùn láìwẹ̀yìn. "Bọ́ ìbòmú yẹn, jẹ́ n rí ojú ẹ."

Akínlàbí ń pariwo, ṣùgbọ́n bí ẹni tó wà lókèèrè ni mo ṣe ń gbọ́ ọ. Ọwọ́ mi ti ń tú okùn ìbòmú.