Ìyálé Mi Ní Kí N Lọ Sí Ìbàdàn

Ìyálé mi fẹ́ lé mi kúrò nílé, iléèwé ló sì ń fi bojú.

Ohun tí mo ń rò nìyẹn láti ìgbà tí àwẹ̀ ti parí.

Iléèwé bísínẹ́ẹ̀sì tí mo ń lọ kò jìnnà sí Jakande, níbi tí àwa ìyàwó Àlàájì méjèèjì ń gbé.

Àmọ́ Ìyá Khàlíl, ìyálé mi, kò jẹ́ kí n sinmi.

"Fàthíà, gba tiransífà lọ sí Ìbàdàn. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá kì í ka sátífíkéètì ti ibí sí. Ti Ìbàdàn, kó o tó parí ni wọ́n á ti máa wá ẹ."

Òótọ́ ni. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ìyálé wo ló ń wá ire fún ìyàwó kékeré tó báyìí?

Àlàájì kò dá sí i. Yàrá àlejò tó ń kùn ló gbájú mọ́.

Lónìí, Ìyá Khàlíl ní òun ti bá mi rí yàrá n'Íbàdàn. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ìyá Khàlíl, tí mo bá lọ, ọwọ́ ta lẹ fẹ́ kí Àlàájì kù sí?"

Wọn ò bínú. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Yàrá tí wọ́n ń kùn yẹn, ìyàwó tuntun ló ń wọ̀ ọ́ lẹ́yìn Iléyá. Èmi ìyálé ni Àlàájì kọ́kọ́ sọ fún. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹ."

Wọ́n fà mí jókòó.

"Nígbà tí wọ́n wá sọ tìẹ fún mi, èmi náà wà níléèwé. Mo fi í sílẹ̀, mo jókòó sílé kí n lè máa ṣọ́ ọkọ mi."

Wọ́n wò mí lójú.

"Ṣé mo rí i ṣọ́?"