Omi Tó Gba Bọ́ọ̀dù Onígbòkun

Láti oṣù kẹta ni bọ́ọ̀dù náà ti wà lẹ́yìn àga nínú pálọ̀ wọn ní Kétu. Ó gùn ju ènìyàn lọ. Orí rẹ̀ ni èèyàn ń dúró lé, tí yóò di òpó aṣọ ìgbòkun mú, tí atẹ́gùn yóò sì máa gbé e sáré lójú omi. Olúwadàmọ́lá, ọmọ Ìbíjọkẹ́, ló ni ín. Dàmọ́lá kò sí nílé láti lò ó. Ìbíjọkẹ́ a máa nu eruku ara rẹ̀ láràárọ̀ kó tó kúnlẹ̀ àdúrà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dìde láàárín ìjọ, ó ní òun yọ̀ǹda bọ́ọ̀dù náà fún àwọn ọ̀dọ́, bí wọ́n bá lè rí omi tó gbà á nítòsí. Pásítọ̀ kọ́kọ́ wojú ọkọ Ìbíjọkẹ́. Lẹ́yìn náà ló tó sọ̀rọ̀.

"Kò burú, Mummy Dàmọ́lá. Ṣùgbọ́n Daddy Dàmọ́lá ti ṣèlérí rẹ̀ fún ẹnì kan ní Badagry. Bí ẹ ò bá rí omi kó tó di Sátidé, ẹ jẹ́ kó máa lọ."

Ìbíjọkẹ́ ní àmín.

Felix ló mọ̀ nípa omi. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, òun àti Dàmọ́lá ni wọ́n jọ kọ́ eré bọ́ọ̀dù náà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó gbé mọ́tò rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà.

"Mummy, ẹ jókòó sílé. Màá lọ ya fọ́tò àwọn omi náà wá fún yín."

"Fọ́tò ò ní afẹ́fẹ́ nínú," ni Ìbíjọkẹ́ wí. Iwájú ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbàdúrà kí Ẹ̀mí Mímọ́ ṣáájú wọn, ó ní kí ohun gbogbo tó fara sin wá sí ìmọ́lẹ̀. Felix kò tètè ṣe àmín.

Lójú ọ̀nà, Felix ṣàlàyé irú omi tó dára. Kó fẹ̀, kí bọ́ọ̀dù rí ibi yí padà. Kí ilé má dí atẹ́gùn lọ́nà. Kí ewéko má bo ojú rẹ̀. Kó jìn kọjá àyà èèyàn.

Ògùdù ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ewéko ti bo omi náà débi pé ẹyẹ ń rìn lórí rẹ̀. Apẹja kan, Fàsásì, jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe.

"Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé ìrìbọmi lẹ bá wá ni? Ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ gbé wá ni omi yìí á fi kún o!"

Felix bú sẹ́rìn-ín. Ìbíjọkẹ́ wò ó bó ṣe ń rẹ́rìn-ín.

"Ibí kọ́," ló wí. Ó ti wọnú mọ́tò padà.

Ẹ̀yìn Mile 12 ni wọ́n kàn. Odò ń ṣàn níbẹ̀, apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó ti já léfòó, ó ń bá omi lọ. Felix ti ọwọ́ bọ omi, ó ní ó ń sáré jù. Ó ra ìpékeré, ó fún Ìbíjọkẹ́ ní díẹ̀. Kò dùn lẹ́nu rẹ̀, kò sì korò. Felix jẹ tirẹ̀ tán, ó fi ọwọ́ nu ẹnu, ó ní oòrùn ti ń mú.

"Ibí náà kọ́," ni Ìbíjọkẹ́ wí.

"Ó tán nìyẹn, Mummy. Kò sí omi mìíràn."

"Iseri Olowora ńkọ́? Wọ́n ní àwọn tó ń wa yanrìn fi omi ńlá kan sílẹ̀ níbẹ̀."

Felix ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà.

"Ó jìnnà, Mummy."

"Ṣé ẹsẹ̀ la fẹ́ fi rìn ni? Gbé mi lọ."

Felix wa mọ́tò náà débẹ̀. Omi náà tẹ́ lọ bẹẹrẹ. Kò sí ewéko lójú rẹ̀, kò sí ilé níwájú rẹ̀. Ìbíjọkẹ́ sọ̀kalẹ̀. Felix kò kúrò nídìí sítíárìn.

"Èyí ò dáa, Mummy. Kò sí afẹ́fẹ́ níbí."

Atẹ́gùn ti tú gèlè Ìbíjọkẹ́. Ó fi ọwọ́ kan dì í mú.

"Felix, sọ̀kalẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mummy."

"Sọ̀kalẹ̀, ọmọ mi."

"Mi ò lè sọ̀kalẹ̀. Ẹ má bínú. Daddy ní kí n má..." Ó gbé orí lé sítíárìn.

"Mo gbọ́," ni Ìbíjọkẹ́ wí. "Olúwa ṣeun."

Ó bọ́ bàtà. Ó ń rìn létí omi, ilẹ̀ ló ń wò, títí ó fi dé ibi tí yẹ̀pẹ̀ ti ga díẹ̀, tí koríko kò tíì kún. Ibẹ̀ ló kúnlẹ̀ sí.

Oṣù keje rèé tí omi ti gbé Olúwadàmọ́lá, tí ọkọ rẹ̀ àti àwọn àgbà ẹbí sin ín sétí omi tó gbé e, bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹni tí omi bá gbé, tí gbogbo wọn, àti Felix, sì ṣèlérí níwájú Ọlọ́run pé àwọn kò ní fi sàréè ọmọ han ìyá rẹ̀. Láti àárọ̀, Ìbíjọkẹ́ kò wo omi kankan, ojú Felix ló ń wò.