Kíbọ́ọ̀dù Òjò Páànù

Àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kò ju mẹ́rin lọ: Ìyá Àgbà, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọkùnrin tó ń ta kọ̀ǹpútà àlòkù, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Onígíláàsì nítorí awò ojú rẹ̀ tó nípọn, àti oníbàárà kan tó ń ṣa wáyà nínú páálí, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ó fi lọ.

Agogo méjì ti kọjá. Ìyá Àgbà fẹ́ ti délé kí agogo márùn-ún tó lù.

"Kíbọ́ọ̀dù ni mo ń wá," ó wí. "Èyí táwọn ọmọ fi ń gbá géèmù, tó ní sípíríǹgì lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Omi dà sí tiwa."

"Ta ló fẹ́ lò ó, Màmá?"

"Ọmọ-ọmọ mi pé mẹ́rìndínlógún lọ́dún yìí. Òjò Páànù là ń pè é. Bàbá rẹ̀ àgbà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí bó ṣe máa ń tẹ nǹkan ọ̀hún."

Onígíláàsì rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ̀kan sórí tábìlì, iná aláwọ̀ mẹ́ta ń tàn lábẹ́ bọ́tìnnì rẹ̀. Ìyá Àgbà kò wo iná náà. Ó jáde síta, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó ní kí ọkùnrin náà máa tẹ̀ ẹ́.

"Kò dún tó," ó wí nígbà tó wọlé.

"Màmá, èyí tí kì í pariwo làwọn ọmọ ìsinsìnyí ń rà."

"Èmi kì í ṣe ọmọ ìsinsìnyí. Gbé òmíràn."

Ó gbé òmíràn, ó tún gbé òmíràn. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, obìnrin náà á jáde, á pa ilẹ̀kùn dé, á padà wọlé, á mi orí. Nígbà tó jáde lẹ́ẹ̀kẹrin, Onígíláàsì yíjú sí nọ́ọ̀sì.

"Ẹ̀gbọ́n, kíbọ́ọ̀dù lásán ni Màmá ń rà, wọ́n ń wádìí ẹ̀ bí ẹni fẹ́ fẹ́ ìyàwó fọ́mọ. Kí ló dé tí ọmọ náà ò wá yẹ̀ ẹ́ wò fúnra ẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì ń wo bàtà ara rẹ̀. "A ní ikọ́ ń ṣe é," ó wí.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti eré. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Bàbá Àgbà dùbúlẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ojú rẹ̀ kò sì ríran mọ́. Wọ́n ti sọ fún un pé Òjò Páànù kò gbọdọ̀ wọ yàrá rẹ̀ kí ikọ́ náà má bàa ràn án. Ariwo bọ́tìnnì tó ń gba ara ògiri wọlé ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́ ló fi ń jẹun. Láti ìgbà tí omi ti ba kíbọ́ọ̀dù náà jẹ́, ó di ọjọ́ kẹta tí kò fi oúnjẹ kan ẹnu. Dókítà ní ara rẹ̀ kò lè gbà á mọ́. Ó sì ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe sọ ohun tó lè mi ọkàn rẹ̀ sí i létí.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká kúkú sọ fún Bàbá," nọ́ọ̀sì wí nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé.

Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ó na ìka sí kíbọ́ọ̀dù kan tó wà nínú páálí lábẹ́ tábìlì. "Èyí ńkọ́?"

"Ìyẹn ti kú, Màmá. Orí wáyà ẹ̀ ti já, inú ẹ̀ sì ti jóná. Bọ́tìnnì ẹ̀ ni mo fẹ́ máa yọ lò."

"Tẹ̀ ẹ́."

Ó jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tó wọlé, ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Èló ni?"

"Màmá, mo ní kò lè bá kọ̀ǹpútà kankan ṣiṣẹ́. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ padà wá bú mi lọ́la."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́."

"Ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún là ń ta tuntun ẹ̀. Ẹ mú ẹgbẹ̀rún méjì wá."

"Ẹgbẹ̀rún kan. Ṣebí ìwọ lo ní ó ti kú? Ta ló ń ta òkú ní ọ̀wọ́n?"

Onígíláàsì rẹ́rìn-ín títí awò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ó rò pé wọ́n ní ẹni tó máa tún un ṣe nílé. Ó dì í sínú ọ̀rá. Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n délé nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí agogo márùn-ún lù. Nọ́ọ̀sì gbé àwo oúnjẹ wọ yàrá bàbá rẹ̀.

"Ikọ́ ọmọ yìí mà pẹ́ o," Bàbá Àgbà wí.

"Ó ti ń lọ, Bàbá. Ẹ la ẹnu."

Kò la ẹnu. Agogo márùn-ún lù. Lẹ́yìn ògiri, bọ́tìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó kọ́kọ́ dún jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ó rọ̀ bí òjò lórí páànù. Bàbá Àgbà yí etí sí ògiri. Ogójì ọdún ló fi tẹ ẹ̀rọ táípù nílé ẹjọ́. Láti kọ́rídọ̀ ló ti máa ń fi ìró ìka mọ ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ kó tó wọlé. Ó tẹ́tí fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó la ẹnu, ṣíbí kan tẹ̀ lé òmíràn, títí àwo fi mọ́.

Ní yàrá kejì, Ìyá Àgbà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti gbé fóòmù rẹ̀ kúrò, kíbọ́ọ̀dù wà lórí itan rẹ̀, wáyà jíjá náà nà sílẹ̀, ó sì ń fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ̀ ẹ́, bó ti ṣe ń tẹ ti àkọ́kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí wọ́n ti sin ọmọ náà.

Bàbá Àgbà nu ẹnu, ó kọjú sí ògiri, ó gbóhùn sókè: "Òjò Páànù, sọ fún ìyá rẹ àgbà pé mo ti jẹun tán, kí ó gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀, kí ó wá sinmi."